Igi yíyí lórí lathe: èló gan-an ló máa ń náni kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀?

Ọwọ́ÒDilẹ̀
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo fídíò àwọn tó ń yí igi lórí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí kéèyàn lè fi irin gbẹ́ ẹ, ó ti wá wọ̀ mí lára débi pé n ò lè rí kùkùté igi báyìí kí n má máa ro abọ́ tó wà nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe o, nǹkan tí màá máa fi najú lálẹ́ ni mò ń wá. Mo ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, ó tó ra lathe kékeré tuntun, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì yẹn, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Àfi bí mo ṣe rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ pé lathe gan-an lowó ẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ẹ̀. Àyà mi já. Ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà wá? Tí mo bá ra lathe tán, kí ló tún kù tó pọn dandan, kí sì ni mo lè fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀? Ohun tó wù mí ṣe ni abọ́, èèkù ọ̀bẹ, àti bóyá bírò. Ìyàwó mi ní àfi kí n kọ gbogbo ẹ̀ sórí pépà kóun tó gbọ́ ohunkóhun.

BàbáÈérún
Káàbọ̀ o. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ra lathe, àwọn tó kù ni kì í tán.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ni pé kó pín owó ẹ̀ sí méjì. Ìdajì ni kó fi wá lathe, kó má fọwọ́ kan ìdajì kejì. Inú ìdajì kejì yẹn lo ti máa ra irin ìgbẹ́, ohun tóo máa fi pọ́n wọn, ohun tó máa di igi mú, àti ohun tóo máa fi bo ojú àti imú. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ẹ̀ lé lathe lórí ti ra ẹṣin láìra ìjánu nìyẹn.

Àmọ́ ìbéèrè tó ṣáájú ni pé kí lo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, torí nǹkan mẹ́ta lo dárúkọ, ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà jẹ owó sì yàtọ̀ síra. Èèkù, ẹsẹ̀ àga, àwọn nǹkan gígùn tó máa ń wà láàárín orí lathe àti ìdí ẹ̀, ìyẹn ò nílò chuck (irin ẹlẹ́nu tó ń di igi mú lórí lathe) rárá. Irin eléyín tó ń di igi mú lórí àti èyí tó ṣóńṣó tó ń tì í nídìí sábà máa ń bá lathe wá. Irin ìgbẹ́ mẹ́ta ti tó ẹ: roughing gouge (tó ń fá igi tí ò tíì róbótó), spindle gouge (tó ń gbẹ́ ìrísí sí igi gígùn) àti parting tool (tó ń gé igi kúrò). Skew, irin tí ẹnu ẹ̀ dagun, lè dẹ̀yìn. Má ra àpótí tí wọ́n to irin mẹ́jọ sí, mẹ́ta nínú ẹ̀ lo máa lò, márùn-ún máa wà nínú àpótí títí.

Nǹkan kan péré ni kóo fi sọ́kàn: roughing gouge yẹn, má gbé e sún mọ́ abọ́ láé. Ibi tó ti wọnú èèkù ẹ̀ tín-ín-rín, tí ojú igi tó ń kọjú ìjà sí irin bá gbá a, ó lè kán kó sì fò. Ti abọ́ ní bowl gouge tiẹ̀, ibẹ̀ lowó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

IrinMímú
Bàbá ti sọ̀rọ̀ àmọ́ wọ́n gba ibi ìpọ́nrin kọjá wéré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀pọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ń dúró sí, wọ́n á ra lathe wọ́n á ra irin, ó máa mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì wọ́n á ní igi yìí le jù, àbí lathe yìí ò lágbára, irin ló sì kú.

Wò ó báyìí. Abọ́ tó fẹ̀ tó 25 sẹ̀ǹtímítà, tó ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, etí ẹ̀ tó ń kọjá lẹ́nu irin rẹ lé ní 600 mítà ní ìṣẹ́jú kan yẹn. Kápẹ́ńtà tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ nǹkan máa pẹ́ gan-an kó tó rìn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé léraléra láàárín iṣẹ́ kan ni wàá máa padà sídìí grinder, ẹ̀rọ olókùúta tí wọ́n fi ń pọ́n irin. Torí náà grinder kì í ṣe ohun tóo máa rà tó bá yá o, ọjọ́ kan náà tóo bá ra lathe ni kóo rà á.

Ó dáa kóo ra èyí tí kì í sáré jù, nǹkan bíi 1750 ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta eérú tó máa ń bá a wá kì í fi bẹ́ẹ̀ dáa fún irin wa, yọ ọ́, fi funfun tí wọ́n ń pè ní aluminium oxide sí i. Wọ́n máa sọ fún ẹ pé kóo ra CBN (cubic boron nitride), àgbá ìpọ́nrin tó le gan-an. Ó dáa o, kì í tètè jẹ tán, ìrísí ẹ̀ kì í yí padà, àmọ́ owó ẹ̀ lè ju ti grinder fúnra ẹ̀ lọ. Fi sílẹ̀ ná. Pèpéle tóo máa gbé irin lé tóo bá ń pọ́n ọn, o lè fi pákó kan ìyẹn fúnra ẹ. Ti bowl gouge ló máa ń fẹ́ jig (ohun tó ń di irin mú bó ṣe yẹ téèyàn bá ń pọ́n ọn) jù, torí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán pọ́n ọn ti pẹ́ nídìí ẹ̀.

Tóo bá ń ra irin, HSS (high-speed steel) ni kóo rà. Irin carbon lásán tó bá gbóná lórí grinder ẹnu ẹ̀ máa di búlúù, ó ti rọ̀ nìyẹn, wàá tún lọ ibẹ̀ yẹn dànù. HSS ò ka ooru yẹn sí. Owó ẹ̀ ga díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ o ò ní máa fi òkúta jẹ ẹ́ tán.

Bóo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú: gbé ẹnu irin sábẹ́ iná, tóo bá rí ìlà funfun tín-ín-rín tó ń tàn níbẹ̀, ó ti kú. Tó bá mú, ẹnu ẹ̀ kì í tàn rárá. Lórí igi náà wàá mọ̀, èyí tó mú máa ń bó igi gùn-ún-gùn, èyí tó kú máa ń da eruku.

AláraÌgbàlódé
Kí lẹ ń dààmú ọmọlọ́mọ sí pẹ̀lú grinder? Kó ra irin tí wọ́n fi carbide ṣe ẹnu ẹ̀, ìyẹn le gan-an, kì í tètè kú. Ẹnu ẹ̀ kékeré ni, wọ́n fi ìdè (screw) dè é mọ́rí irin, tó bá kú o yí i sí igun kejì, onígun mẹ́rin ní ẹnu mẹ́rin, róbótó lóo lè máa yí díẹ̀díẹ̀. Kò sí grinder, kò sí jig, kò sí eruku òkúta. Ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló ráyè, ṣé ìpọ́nrin ló fẹ́ máa fi gbogbo alẹ́ ṣe ni?

IrinMímú
Mo mọ̀ pé ẹ máa dé, ẹ̀gbọ́n 😄 Carbide ò burú. Àmọ́ ẹ ṣírò ẹ̀ dópin. Ẹnu kéékèèké yẹn, owó lẹ fi ń rà á nígbà gbogbo tí igun ẹ̀ bá tán, èmi òkúta kan náà ni mo ṣì ń lò. Ìkejì, púpọ̀ nínú àwọn carbide yẹn ń há igi ni, wọn ò gé e. Níbi tí okùn igi bá ti dojú kọ ẹ, ní inú abọ́, ó máa ń fà á ya, sáńpépà lẹ sì máa fi tún un ṣe. Owó tí ẹ yọ níbi grinder, ẹ máa san án padà fún sáńpépà, pẹ̀lú eruku lórí ẹ̀.

AláraÌgbàlódé
Ó dáa, mo gbà ti sáńpépà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tiẹ̀ máa nífẹ̀ẹ́ sí i, carbide kan ṣoṣo ló máa fi mọ̀ láìra nǹkan mẹ́rin. Tó bá sú u, kò tíì náwó púpọ̀. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò kúrò níbẹ̀.

BàbáÈérún
Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, àmọ́ tèmi ṣì ni grinder.

ÀǹtíỌpọ́n
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ igi fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lẹ ti lè yọ owó jù.

Àbúrò, má ra igi. Èyí tí wọ́n gé, tí wọ́n fá, tí wọ́n fi kándù (ìda àbẹ́là) bò lórí, tó wà fún àwọn tó ń yí igi, ó rẹwà lóòótọ́ àmọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ló máa bà á jẹ́. Igi tí afẹ́fẹ́ wó, igi tí aládùúgbò ń gé, èyí tí wọ́n fẹ́ jó, tọrọ ẹ̀. Igi tútù dùn-ún yí ju gbígbẹ lọ. Irin tó mú, igi tó tutù, èérún ẹ̀ á máa jáde lọ́wọ́ọ̀wọ́, á ta kọjá èjìká ẹ, omi igi á máa fọ́n sí gíláàsì ojú, ohùn ẹ̀ náà á máa ró rọ̀rọ̀. Tí ohùn yẹn bá yí padà lójijì tó ń dún gan-gan, pa á kóo wò ó, ó lè jẹ́ pé ibì kan ti ń là.

Igi tútù ń fẹ́ kéèyàn yára. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e ni kóo fi kándù tàbí ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nílé kun orí àti ìdí ẹ̀, torí ibẹ̀ lomi ti ń yára jáde, ibẹ̀ ló sì ti ń là. Ìtì náà, gé e sí méjì gba àárín gbùngbùn ẹ̀ kọjá, má fi àárín yẹn sínú abọ́, ó máa là ni. Kóo wá kọ́kọ́ yí i láìparí ẹ̀, kí ara ẹ̀ nípọn tó ìdámẹ́wàá fífẹ̀ ẹ̀, abọ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, kó nípọn tó 3. Kọ déètì sí i nídìí, wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀ jù. Á tẹ̀, á di onígun ẹyin, òun ló mú kéèyàn fi í sílẹ̀ nípọn. Tóo bá ń wọ̀n ọ́n títí tí ìwúwo ẹ̀ ò dín mọ́, ó ti gbẹ, yí i parí. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó wà lọ́wọ́ igi àti bó ṣe nípọn tó.

Kí n má purọ́, igi ọ̀fẹ́ náà lówó nínú o. Kéèyàn tó gé ìtì kó wọ lathe, ayùn ọlọ́wọ́ máa pa ẹ́ lápá. Èmi máa ń bẹ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi pé kó bá mi gé e sí méjì níbẹ̀, kí n sì fún un ní abọ́ kan tó bá yá.

Lórí chuck: abọ́ ṣeé yí láìní chuck. Faceplate, àwo irin oníhò tí wọ́n ń dè mọ́ igi, sábà máa ń bá lathe wá. Fi ìdè dè é mọ́ ibi tó máa di inú abọ́, yí ẹ̀yìn abọ́ náà. Mú pákó tóo ò lò mọ́, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀, kóo wá dè faceplate mọ́ pákó yẹn kóo gbẹ́ inú. Tóo bá ti parí, fi parting tool gé e kúrò. Igi gbígbẹ ni wọ́n ń ṣe báyìí fún o, gọ́ọ̀mù kì í di igi tútù mú dáadáa. Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn kí chuck ẹlẹ́nu mẹ́rin tó gbòde. Chuck ń yáni lára o, mo ní i, àmọ́ kò dìgbà tóo bá ní i.

Ọwọ́ÒDilẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni, Àǹtí. Ẹ̀ ń mú ọkàn mi balẹ̀. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé òun mọ ẹni tó fẹ́ ta lathe àtijọ́, irin ńlá, òun pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì ju ti kékeré tuntun yẹn lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé kí n lọ wò ó?

BàbáÈérún
Lọ wò ó kíá. Ẹni tó ń kó kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, tó ń ta gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lowó ti ń rọjú jù, torí irin ìgbẹ́, chuck, jig, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ lówó pọ́ọ́kú. Lathe tó wúwo náà dáa, kì í gbọ̀n. Kékeré àwọn tuntun yẹn, àfi kéèyàn kó iyanrìn sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó lè dúró jẹ́ẹ́ tí igi tí ò tíì tẹ́jú bá wà lórí ẹ̀.

Àmọ́ má kàn wo bó ṣe tóbi o. Tóo bá débẹ̀, yọ chuck, fi irin ṣóńṣó kan sórí, òmíràn sídìí, ti ìdí náà wá títí ẹnu méjèèjì fi máa fẹ́ kan ara wọn. Tí wọ́n bá ṣe dọ́gba, ó dáa. Tí ọ̀kan bá lọ sápá kan, bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Fọwọ́ di ọ̀pá tó ń yí náà mú, gbọ̀n ọ́n sókè sódò, kò gbọ́dọ̀ mì. Tan án láìsí igi lórí ẹ̀, kóo fetí sí i, tó bá ń kùn gbuurugbu, bearing ni, ìyẹn ṣeé pààrọ̀ àmọ́ kóo yọ owó ẹ̀.

Bi í ní irú iná tó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú irin ńlá yẹn, ti ilé iṣẹ́ ni, three-phase (iná onílà mẹ́ta), iná ilé ò lè gbé e, àfi kóo ra ẹ̀rọ tó ń yí iná padà tàbí kóo pààrọ̀ motor.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìyára tó kéré jù tó lè lọ. Ìṣirò kan wà tí àwa tó wà nídìí ẹ̀ máa ń lò, fífẹ̀ igi ní íǹṣì, o fi ìyípo ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, kó wà láàárín 6000 sí 9000. Igi íǹṣì mẹ́wàá nìyẹn, 600 sí 900 ni. Igi tí ò tíì róbótó gan-an, bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ìyẹn pàápàá. Tí lathe àtijọ́ yẹn bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún kan, abọ́ kékeré nìkan ló wà fún.

ImúMiṢeKókó
Ẹ fi ibi kan sílẹ̀ nínú ìdajì kejì tí Bàbá pín yẹn fún mi. Ìbòjú tó bo gbogbo ojú, tó lágbára, kì í ṣe gíláàsì lásán. Igi tó bá fò kúrò lórí lathe, ẹnu àti iwájú orí ló máa ń gbà. Ìbòmú náà, èyí tó ń di eruku kékeré gan-an mú, torí IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO), ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn láti 1995, inú imú ló sì ń dé. Sáńpépà ni eruku burúkú yẹn ti ń wá jù, kì í ṣe gouge. Kò sí nínú ohun tí mo lè sọ pé kóo máa rà níkẹyìn.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́, má wọ̀ ọ́ nídìí lathe o, ká apá aṣọ sókè, di irun mọ́ra, yọ òrùka. Àwọn yẹn ò tiẹ̀ náni lówó. Aṣọ tóo fi nu òróró linseed tí wọ́n fi ń kun igi náà, má ká a jọ sínú ike, ó lè gbiná fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ.

Ẹlẹ́sẹ̀Lathe
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ motor, ẹ gbàgbé wa. Lathe ẹlẹ́sẹ̀ ti wà látọjọ́ tó ti pẹ́, igi ni gbogbo ara ẹ̀. O di okùn mọ́ ẹ̀ka igi tó ń tẹ̀ tó ń padà, o yí okùn yẹn mọ́ igi tóo fẹ́ gbẹ́, o so ìsàlẹ̀ ẹ̀ mọ́ pákó tóo ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Tóo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ igi á yí wá sọ́dọ̀ ẹ, o gbẹ́ ẹ, tóo bá gbẹ́sẹ̀ sókè á yí padà sẹ́yìn, o gbé irin kúrò díẹ̀. Kò sí iná, kò sí ariwo, eruku ò sì pọ̀ torí igi tútù lèèyàn ń lò. Owó irin ìgbẹ́ nìkan lo máa san. Ó ń rẹni lẹ́sẹ̀ o, mi ò purọ́.

AláraÌgbàlódé
Ẹsẹ̀ ti ń ro mí bí mo ṣe ń kà á 😂

BíròKanSíi
Ó dárúkọ bírò, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bírò ń tan èèyàn torí lathe tó kéré jù ló ń gbà, pákó ẹ̀ ò tó nǹkan, wákàtí kan tàbí méjì lo ti parí ẹ̀. Àmọ́ gbogbo bírò tóo bá ṣe, o gbọ́dọ̀ ra inú ẹ̀, ọ̀pá, ìbòrí, àgbékọ́, gbogbo ẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan. Irú kọ̀ọ̀kan ní bushing tiẹ̀ (òrùka irin tó ń fi bí bírò ṣe máa fẹ̀ tó hàn), ó ní bí ihò tóo máa dá ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, tóo bá fẹ́ irú míì wàá tún ra bushing míì. Mandrel náà wà níbẹ̀, ọ̀pá tóo máa kó pákó sí. Abọ́ tóo bá ti ra irin ẹ̀ tán, igi nìkan ló ń jẹ. Bírò, ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ẹ wo orúkọ mi, àmọ́ kó mọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Tó bá sì ń rò pé òun á máa tà wọ́n kí owó lè padà, kó ronú dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ẹ̀bùn ló máa ń di.

Ọwọ́ÒDilẹ̀
Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sórí pépà báyìí, ìyàwó mi ti kà á. Lathe àtijọ́ yẹn ni mo fẹ́ lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, tí ìyára ẹ̀ bá lọ sílẹ̀ dáadáa. Grinder pẹ̀lú òkúta funfun. Irin mẹ́ta, HSS, láìléèkù, torí mo rí i pé àwọn tí ò ní èèkù rọjú, èèkù wọn ni màá kọ́kọ́ yí. Ìbòjú àti ìbòmú. Bírò dúró ná. Bowl gouge tó bá yá.

Ohun tó kù ni chuck. Ẹni tó ń ta lathe náà ní chuck méjì òun náà wà níbẹ̀ àmọ́ òun fẹ́ tà wọ́n lọ́tọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó bá lathe yẹn mu tí mo bá fẹ́ rà á? Àbí gbogbo wọn ló bára mu?

IrinMímú
Rárá o, kì í bára mu! Wo ìdè (thread, eyín tí wọ́n gé yí ọ̀pá ká) tó wà lórí ọ̀pá tó ń yí. Ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ íǹṣì kan, eyín 8 nínú íǹṣì kan. Ti Yúróòpù, M33 (ó fẹ̀ tó mìlímítà 33), 3.5 mìlímítà láti eyín kan sí èkejì. Àwọn kéékèèké kan tún ní tiwọn. Lathe àtijọ́ lè yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀ pàápàá. Torí pé ó lọ wọlé díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu, ó gbọ́dọ̀ lọ títí tí ẹ̀yìn chuck á fi fara kan èjìká ọ̀pá, láìfi agbára tì í.

ÀǹtíỌpọ́n
Kóo wá wo ẹ̀yìn chuck yẹn dáadáa. Irú kan wà tí ìdè inú ẹ̀ ṣeé yọ, wọ́n ń pè é ní insert. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, tóo bá pààrọ̀ lathe lọ́jọ́ iwájú, insert nìkan lo máa rà, chuck á wà. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ní insert tí èkejì ò ní, èyí tó ní i ni kóo mú, bó tiẹ̀ dọ̀tí. Gbé e dání lọ sídìí lathe ẹ̀, kóo dè é níṣojú ẹ̀ kóo tó sanwó.

Ọwọ́ÒDilẹ̀
Màá ṣe bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Màá ya fọ́tò ìdè ẹ̀ wá fún yín tí n bá débẹ̀.

BàbáÈérún
Ya ti motor náà, ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà iná sí.